Ohun Ìjà Tó Wà Lọ́rùn Wa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọpọlọ pípé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí. Aránṣọ ni mí, ọ̀rọ̀ yìí ò sì jẹ́ kí n rí ìdí jókòó.

Ọrùn ló bẹ̀rẹ̀ sí í yún gbogbo àwa tá a wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan pupa sú yí wa lọ́rùn ká bí ẹ̀gbà. Ọkọ mi, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, wò ó, ojú ẹ̀ sì tàn. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ohun ìjà nìyí. Kòkòrò àìsàn làwọn ọ̀tá fi ń jagun báyìí." Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kó àdúgbò jọ. Wọ́n ní ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òkè ilé wa ló gbé e wá, àwọn máa lé e jáde ní Sátidé.

Àṣé teèpù ni. Ọ̀gá wa pín teèpù tuntun tá a fi ń wọn aṣọ fún wa, ọrùn la sì máa ń gbé e kọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Mo bọ́ tèmi sílẹ̀, ó san. Mo gbé e kọ́ padà, ó tún dé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní ọ̀rọ̀ ogun ò kan abẹ́rẹ́. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, n ò rí i kó láyọ̀ tó báyìí rí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọkọ mi kì í fi ètò yín orí rédíò ṣeré. Tẹ́ ẹ bá ti kà á dé ibi teèpù, yóò mọ̀ pé èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè kó tó di Sátidé.