Lẹ́ẹ̀dì Tí Kì Í Dán

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdí rédíò àwọn ará àdúgbò. Ara mi le o.

Ẹ ní ṣé lẹ́ẹ̀dì tí kò ní òjé, tí a fi ń jó wáyà pọ̀ ní ilé iṣẹ́ wa níbí, máa ń pẹ́? Ó ń pẹ́. Wọ́n ń fi sínú ooru, wọ́n ń fi sínú òtútù láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, kò tú. Àmọ́ kì í dán. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi pé ojú ibi tí mo jó, tí kò bá dán, kí n tún un jó. Ni mo bá ń tú iṣẹ́ tó dáa, títí ọ̀gá fi jágbe mọ́ mi. Ẹ rẹ́rìn-ín!

Iná rẹ̀ gbóná ju tilé lọ, èéfín rẹ̀ sì ń ta díẹ̀. Ó ń rẹ̀ mí, ta ni kì í rẹ̀? Ariwo ẹ̀rọ ni ò jẹ́ kí n máa pè. Ikọ́ tí Màámi gbọ́ lórí fóònù, ti ẹni tó jókòó tì mí ni.

Mo fi díẹ̀ nínú lẹ́ẹ̀dì yìí ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eyín di ti àtijọ́ tó ní òjé mú mọ́. Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n yẹn ń bà mí lẹ́rù. Tí ẹ bá ń lo tuntun yìí, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Tiwa níbí kì í ṣeé ṣí.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń sùn dáadáa.