Ohùn Bàbá Rẹ Lórí Pápá

Sofiyullah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ tí o ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Orúnkún mi ti fúyẹ́. Raheemat àbúrò rẹ ti ríṣẹ́ ní Coolock, ní Dublin níbí.

Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, ilé dákẹ́ jù. Ní Sátidé tí o pè mí láti orí pápá, o gbàgbé ara rẹ, o kígbe ní Yorùbá mọ́ àwọn ọmọ òyìnbó: "Ẹ sún síwájú! Àbí wọ́n kan ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀ ni?" Bí bàbá rẹ ṣe ń kígbe mọ́ ọ nìyẹn, nígbà tí o ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, tí o ń ṣe difẹ́ńdà ní kíláàbù kékeré kan nígbà èwe rẹ. Raheemat tó jókòó tì mí gbọ́ ohùn rẹ nínú fóònù, ó ní, "Daddy nìyẹn!"

Jọ̀ọ́, máa pè mí láti orí pápá. Má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí ariwo; ariwo yẹn ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há.

Ìyá rẹ,
Àṣíáwù