Ibi Tí Ọtí Mọ́tò Ti Ń Kan

Màámi ọ̀wọ́n,

Ìwúkàrà ni ohun alààyè tíntìntín tó ń jẹ ṣúgà, tó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Mọ́tò ló ń mu ọtí tí ilé iṣẹ́ wa níbí ń ṣe, bí ó ṣe ń mu epo, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù fún ọmọ yín. Àmọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí kan máa ń yọ́ wọ inú àgbá, wọ́n á bá ìwúkàrà jẹ ṣúgà, gbogbo rẹ̀ á sì kan.

Léraléra ni àgbá wa ń kan. Ọ̀gá ní bó bá tún kan, kí n di ẹrù mi. Oògùn ni wọ́n ń dà sí i, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ mọ ibi tí olè yìí ń sá pamọ́ sí. Mo bá ń fi ṣíbí kan àwọn páìpù tí a kì í lò mọ́. Gbogbo wọn dún gbangan, àfi ọ̀kan tó dún bí ikùn ẹni tó yó.

Jórinjórin wa rẹ́rìn-ín. “Olófìn-íntótó, páìpù tí kò lọ síbì kankan lo wá ń bá ṣọ̀rẹ́?”

Mo ní kó gé e. Òórùn kíkan tú jáde, jórinjórin ló sì kọ́kọ́ sá. Ibẹ̀ ni olè wa ń sá pamọ́ sí.

A ti fi omi gbígbóná fọ ibẹ̀. Àgbá tuntun ń hó lọ́wọ́. À ń wò ó. Ara mi le. Ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, omi náà kàn ta sí mi díẹ̀ ni.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún àbúrò mi pé kó yọ páìpù rọ́bà tí a kì í lò lára táńkì omi wa, kó sì dí ojú ihò rẹ̀ pinpin.