Ogun Baba, Láìsí Àmì Ohùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá
Ẹnjiníà tún ti ra nǹkan wọlé. Ọmọ mi ni o, mo sì fún un lórúkọ tó dáa, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti gbàwé ẹ̀rí, Ẹnjiníà nìkan ló ń jẹ́. Àpótí dúdú kan báyìí, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ló so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. Ó dìde dúró, ó tún kọ́là ṣe, ó ń ṣàlàyé bí ẹni tó fẹ́ ṣí afárá tuntun: fíìmù o, fídíò o, ohunkóhun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà òun lókè, àpótí yìí á fi Wáìfáì ilé fà á wá sórí tẹlifíṣàn. "Bàbá, kò sí wáyà kankan. Ẹ kàn máa fi rìmóòtù yàn án ni."
Ohun tó lè jókòó sí pálọ̀ kó máa wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ! Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Amí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Mo gbà, Amí wúlò. Erin ni mo wò láti àárọ̀ dọ̀sán. Ọ̀gá Àgbà — ìyàwó mi, tó ń ṣàkóso ilé yìí láìgba owó oṣù — ní ṣé mo fẹ́ gba erin tọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Mo ń wá erin, mo rí ejò.
Láàárín àwọn fódà inú kọ̀ǹpútà Ẹnjiníà, ọ̀kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: OGUN BABA. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí ẹ̀. Ọmọ tí èmi tíṣà fẹnu ara mi kọ́ ní dò-re-mí! Kí n tó tẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá Àgbà ti jáde láti ilé ìdáná, ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó ní àsìkò ìròyìn ti tó. Obìnrin tí kì í gbọ́ ìròyìn.
Ogun wo? Ogun tí à ń jà — mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ogún tí à ń kà — baba kì í tó ogún, ẹyọ kan ni mí. Ó ku èyí tí à ń pín.
Ogún. Ogún ẹni tó ṣì ń mí!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Fódà ti pòórá. Kọ̀ǹpútà gan-an ò sí lójú Amí mọ́. Mo fọgbọ́n bi Ẹnjiníà. "Ìsinmi mi ti parí, Bàbá, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ ni. Tí ò bá sí nílé, tàbí tó bá sùn, àpótí ò lè rí i."
Ẹ̀rọ ń sùn. Èmi ò rí oorun sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá
Káfíńtà kan wá. Ó wọn yàrá ìsàlẹ̀, ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó wọn ilé ìwẹ̀ pàápàá. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kàn. Ó wo ilẹ̀, ó wo Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá Àgbà bá a dáhùn: "Bẹ́ẹ̀dì ni, Tíṣà. Kí ni káfíńtà tún ń kàn?" Pósí ńkọ́? Ta ni bẹ́ẹ̀dì wà fún? Àlejò. Àlejò wo? Ó ti wọ ilé ìdáná lọ.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ti kó ìwé ilé kúrò nínú àpótí aṣọ, mo ti kì í sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, níhà tèmi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá
Ìhà ń dùn mí. Ìwé ilé le.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Kọ̀ǹpútà wà nílé, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì náà wà nílé, wọ́n ń ṣọ́ pálọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ báńkì. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán mo ju òkò ọ̀rọ̀: mo ní àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í lè dúró kí baba wọn kú. Ṣíbí Ẹnjiníà dúró lẹ́nu. Ìyá ẹ̀ kó hóró oògùn mi sínú àwo. "Ẹ kọ́kọ́ gbé èyí mì, Tíṣà, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bú ọmọ." Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ àwọn oògùn yìí lórúkọ bí orúkọ àǹjọ̀nú. A jiyàn. Mo borí. Mo gbé e mì.
Ọ̀gá Àgbà fúnra ẹ̀ ò jẹun. Ó ti rù. Òrùka ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn ni. Ó ń jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún
Ẹnjiníà ò lọ síbi iṣẹ́. Òun àti ìyá ẹ̀ jáde láàárọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kí ẹnì kan. Kọ̀ǹpútà ò bá wọn lọ. Amí rí i.
OGUN BABA. Mo tẹ̀ ẹ́.
Fídíò kan péré. Ilé ìdáná wa ni. Ọ̀gá Àgbà dúró nídìí tábìlì, ó to gbogbo páálí oògùn mi síwájú. Ohùn Ẹnjiníà: "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀." Ó gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Funfun yìí, àárọ̀, kó tó jẹun. Pupa yìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. "Bàbá ẹ ò ní fẹ́ gbé e mì o. Wọ́n á ní orúkọ ẹ̀ ò nítumọ̀. Bá wọn jiyàn díẹ̀, kó o jẹ́ kí wọ́n borí. Tí wọ́n bá ti borí tán, wọ́n á gbé e mì." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dikùn mú, ó wá àga, ó jókòó. "Dókítà ní iṣẹ́ abẹ náà á dáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ìsàlẹ̀ ni kó o tẹ́ mi sí. Bí mi ò bá sì dé… ìdí nìyí tí mo fi ń fi oògùn yìí hàn ẹ́. Má tíì sọ fún wọn. Jẹ́ kí n wá bí mo ṣe máa sọ ọ́."
Oògùn. O méjì ló yẹ kó wà níwájú ẹ̀. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, torí mi ò lè gbà pé ọmọ tí mo bí á kọ ọ́ báyẹn.
Wọ́n dé ní ọ̀sán. Mo ti pa tẹlifíṣàn. Ọ̀gá Àgbà rọra jókòó, ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ó wá na hóró pupa sí mi. Mo gbà á. Mo bu omi, mo gbé e mì.
Ó ń wò mí. Ó ń dúró de iyàn. Mo dá ife padà fún un.
"Tíṣà," ó ní, ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Ta ló sọ fún yín?"