Wọ́n Ní Kí N Máa Sinmi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọ̀gá tuntun dé sí ẹ̀ka wa ní ilé ìtajà lónìí. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Mo-Ń-Wò-Ọ́. Kì í ṣe èébú o. Láti ìgbà tí mo ti ṣí páálí ọṣẹ títí mo fi tò ó tán, ẹ̀yìn mi ló wà, ó ń mí sí mi lọ́rùn. Ó ní kí ló dé tí mo fi ń kọ ojú gbogbo rẹ̀ síta. Mo ní kí oníbàárà lè rí orúkọ ọṣẹ ni. Ó ní òun mọ̀, òun kàn fẹ́ gbọ́ bí n ó ṣe sọ ọ́ ni. Mi ò mọ ìdí tí èèyàn fi ń béèrè ohun tó ti mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ó ní n kì í wo ojú òun. Mo wò ó. Ó ní kí ló dé tí mo fi ń ranjú mọ́ òun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òfin tuntun: bí ó bá ti pè mí, kí n fi ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n wá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin tó bá yé mi.

Ó pè mí nígbà tí mo gbé páálí agolo ẹ̀wà dání láàárín ọ̀nà. Mo gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ. Ìyá àgbàlagbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ni ọ̀gá bá pariwo lé mi lórí lójú gbogbo èèyàn: ta ló ní kí n gbé páálí sójú ọ̀nà? Mo ní ẹ̀yin ni, mà. Ó ní mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. — Èmi! Bí mo bá mọ yẹ̀yẹ́ ṣe ni, ṣé àwọn ọmọ iléèwé wa ìjọsí ì bá rí mi fi ṣe é?

Ìyá Kanta ní kí n má dá a lóhùn. (Òun ló ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Òun nìkan ló ń bá mi jẹun ọ̀sán láìfipá mú mi sọ̀rọ̀.) Ó ní, "Obìnrin yìí! Ó kù kó wọnú agolo lọ wò ó bóyá ẹ̀wà ibẹ̀ tò dáadáa." Mo ti délé kó tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀gá àgbà pè wá jọ láàárọ̀. Ọjà ò tà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọn yóò dín àwa tí à ń to ọjà kù lópin oṣù. Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò lọ.

Tèmi wá di ọwọ́ Mo-Ń-Wò-Ọ́. Gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọn kì í jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Ibí yìí nìkan ló gbà mí. Mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, bí mo bá tilẹ̀ dijú. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo sọ fún wọn nílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n lọ sọ fún ọ̀gá pé mo ní ótísíìmù, kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: pé etí mi ń gbọ́ gbogbo nǹkan pa pọ̀, ariwo fíríìjì, iná òrùlé, ẹsẹ̀ èèyàn; pé bí wọ́n bá sọ ohun kan fún mi ní tààrà, n ó ṣe é láìkù síbì kan, ṣùgbọ́n àṣẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ń dà mí rú. Ó ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Màámi ní rárá o. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n ní bí mo bá wí pé "ótísíìmù", "orí ẹ̀ ò pé" ni ayé máa gbọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Òwe méjèèjì dára. Kò sẹ́ni tó sọ èyí tí n ó tẹ̀ lé fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó ní kí n máa kí gbogbo oníbàárà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ń kí wọn. Bàbá kan ń wá ìyẹ̀fun, kò rí i, ó ń lọ, ó ń bọ̀, mo ń kí i. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá olè ni mo pe òun. Ó lọ fẹjọ́ mi sùn. Ọ̀gá ní, "Ṣé o ò lè fi làákàyè kún un ni?" Lẹ́yìn náà: to ọṣẹ — má to ọṣẹ — lọ nulẹ̀ — ta ló ní kí o fi ọṣẹ sílẹ̀? Iná òrùlé ń kùn. Mo sá wọ yàrá ìkẹ́rùsí, mo fọwọ́ dí etí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá mi dé ibẹ̀. Mi ò lè fọhùn. Ó ní ìwà ìgbéraga nìyẹn.

Bó bá ń bá a lọ báyìí, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo máa sọ ọ́. Màámi, ẹ má bínú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti sọ ọ́! Mo ti há a sórí, mo sì kà á jáde láìwo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rọ̀. "Áà. Pẹ̀lẹ́. Kí ló dé tó ò ti sọ látọjọ́ yìí? Èmi rò pé oríkunkun ni." Ó ní òun náà ní àbúrò tí ara rẹ̀ ò yá. Mi ò sọ pé ara mi ò yá, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi jó yí ilé ìdáná ká. Màámi wọ yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Kò pariwo rárá. Ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn fún mi bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó gba ẹ̀rọ tí a fi ń lẹ iye owó mọ́ ọjà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má ṣe wàhálà. Mi ò ṣe wàhálà rí pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ó gbé àga kan sí yàrá ìkẹ́rùsí. "Jókòó síbí, máa sinmi. Tí mo bá nílò ẹ, màá pè ẹ́."

Mo jókòó. Kò pè mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n ti gbé ẹ̀ka ọṣẹ fún ẹlòmíràn. Ẹni náà to tuntun síwájú, ó ti ti àtijọ́ sẹ́yìn, kò sí èyí tó kọjú síta. Mo dìde láti tún un ṣe. Mo-Ń-Wò-Ọ́ rọra dì mí lápá mú. "Rárá, rárá. Lọ jókòó, jọ̀ọ́." Ojú àánú ló fi wò mí. Igbe rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Ìyá Kanta bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe báyìí. Mo ní mò ń sinmi. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Sinmi bíi ti báwo? Lópin oṣù yìí? Dìde ńbẹ̀ jàre, lọ bẹ̀ ẹ́ kó fún ẹ níṣẹ́!"

Mo lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi níṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti ro tèmi.

Mi ò fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá àgbà jókòó, Mo-Ń-Wò-Ọ́ dúró. Ọ̀gá àgbà bi mí pé ẹ̀ka wo ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kò sí, sà. Ó ní, kí wá ni mò ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Ìbéèrè rẹ̀ ṣe tààrà, mo sì dá a lóhùn: "Mò ń jókòó, sà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní mo ti jẹ́ kó rọrùn fún òun.

Ó wù mí kí n sọ èyí tó kù — ta ló gbé àga síbẹ̀, ta ló gba ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ń wo Mo-Ń-Wò-Ọ́ kó bá mi sọ ọ́. Omijé ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ yìí ló máa pa mí, nítorí mi lòun fi ní kí n máa lọ. Ó wá dì mọ́ mi, láìbéèrè bóyá mo fẹ́. Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé mi ò rí ẹni tí n ó bínú sí. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo jí, mo wẹ̀, mo wọṣọ iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo dé tí ẹ̀gbọ́n mi fi rí mi. Ó kúnlẹ̀, ó ń tú okùn bàtà mi, ó ń sọ pé, "Dárí jì mí, dákun, èmi ni mo ní kó o sọ ọ́." Mo bi í pé níbo ni kí n wá lọ báyìí. Màámi fa àga kan síta nídìí tábìlì, wọ́n ní kí n wá jókòó.

Mi ò lè jókòó.