Ìyá, Ọkọ Mi Tún Ti Ń Wù Mí

Ìyá mi àtàtà, ìyá ẹlẹ́ní Ọjà'ba,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tẹ́ ẹ wà o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, bí ẹ bá wà láyé ni, mi ò ní lè là á lẹ́nu. Ẹ ó ti bojú wẹ̀yìn, ẹ ó ní "hùn", ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn ẹní tó wà nílẹ̀ jọ bí ẹni pé oníbàárà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ọ̀hún ti pọ̀ ju èyí tí mo lè dá gbé lọ. Màmá, ọkọ mi tún ti ń wù mí!

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ràfíà tí ẹ mọ̀ náà ni, káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ, tí ẹ máa ń sọ pé ọwọ́ ẹ̀ le ju pákó tó ń rẹ́ lọ. Láàárọ̀ yìí, ó ń wọ bùbá, ó na ọwọ́ sókè, mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, ọkàn mi sì fà sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan kan. Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ara mi máa ń kó jọ bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Nígbà tí mo bí Wàsíù, àbígbẹ̀yìn mi, mo ya lójú ara, wọ́n sì rán mi. Ẹ ó rántí, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá mi gbé omi gbígbóná. Egbò jinná lójú, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí Bàbá Ràfíà bá sún mọ́ mi, ó máa ń ta mí bí ata. Mi ò sọ fún un. Mo kàn máa ń pa eyín pọ̀, tí màá máa wo àjà títí yóò fi ṣe tán. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú mi lọ sílé ọkọ ní Àrẹ̀mọ, ni pé kí n máa ṣe sùúrù. Mo ṣe é, Màmá. Mo ṣe sùúrù bí ẹni tí wọ́n ń wẹ egbò fún.

Lẹ́yìn náà lẹ lọ. Oorun kúrò lójú mi, oúnjẹ di iyanrìn lẹ́nu mi. Bí mo bá gba Ọjà'ba kọjá, tí mo rí ẹní tí ẹlòmíì kó síta níbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, ńṣe ni màá yí padà sílé. Bàbá Ràfíà ló mú mi lọ sọ́sípítù. Dókítà ní ìbànújẹ́ náà ti di àìsàn sí mi lára, ó sì fún mi ní oògùn tí màá máa lò. Mi ò ní parọ́, oògùn yẹn gbà mí. Mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo tún ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, mo tún ń báyé rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìwọ̀nba ìfẹ́ ọkùnrin tó ṣẹ́ kù lára mi, ńṣe ló gbẹ ráúráú. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọkọ mi o. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Tó bá ń jẹun, ó máa ń wù mí kí n jókòó tì í. Ara mi ni kò sí nílé.

Ó fara dà á bí ọmọlúàbí. Nígbà tó yá, ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, pé bẹ́ẹ̀dì yẹn ti rọ̀ jù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yìn. Mo mu àgbo kíkorò, mo mu àgbo tó ń yọ̀. Mo tún ra ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn kiri nísàlẹ̀ Mápó. Wọ́n ní bí mo bá ti lò ó, ọkọ kò ní ráyè jáde nílé. Inú ló ń run mí, Màmá. Èmi gan-an ni kò ráyè jáde ní ṣáláńgá.

Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ sú mi, mo jókòó, mo rò ó síwá sẹ́yìn. Mo ní kò dáa kí ọkùnrin máa ṣiṣẹ́ bọ́ mi kó sì máa sùn ní pálọ̀. Kó tó lọ mú ẹni tí mi ò mọ̀ wọlé, ó sàn kí èmi fúnra mi fẹ́ ìyàwó fún un. Ẹni tí ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ ni Ṣẹ̀rífátù, opó kan ní Oníyanrìn tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, tí mo máa ń ra nǹkan iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀, kì í ṣe alásọ̀. Mo wọ léèsì, mo fín lọ́fínńdà, mo ra ọsàn dání, mo sì lọ tọrọ ìyàwó bí ìgbà tó jẹ́ èmi ni ọkọ!

Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó gbé ọsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Ràfíà, ẹ má bínú o. Ṣé ọkọ yín ló rán yín?"

"Rárá o, kò tíì mọ̀."

"Ṣé ó ń lù yín ni?"

"Ká má rí i! Kò tiẹ̀ jágbe mọ́ mi rí."

"Ẹni tó dáa báyìí, kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ ọ́ fún un, gbogbo ẹ̀ pátá, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé ọkùnrin kò wù mí mọ́. Mo ń retí kó ké àsítágífíróòlá bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fa àpótí ẹ̀ sún mọ́ mi.

"Ó ti ṣe èmi náà rí, nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi wà. Mo rò pé wọ́n ṣe mí ni. Wọn ò ṣe mí. Ohun tó máa ń ṣe obìnrin ni, ó sì nítọ̀ọ́jú. Ẹ gbé ọkọ yín padà, mi ò fẹ́ ẹ. Ibi tí mo lọ ni màá mú yín lọ."

Bí mo ṣe wá ìyàwó lọ tí mo rí ọ̀rẹ́ bọ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ dókítà obìnrin kan lápá Òkè-Àdó ló mú mi lọ. Mo ti ká apá aṣọ sókè de abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló ń bi mí. Ṣé mo ń sùn? Ta ló tún ń sùn sí yàrá wa? Ṣé ó ń dùn mí? Oògùn wo ni mò ń lò? Báwo ni nǹkan oṣù mi? Ṣé ẹnikẹ́ni ti fipá mú mi rí? Ṣé mo máa ń bá ọkọ mi ṣeré, ká kàn máa sọ̀rọ̀ lásán? Ó yẹ̀ mí wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ mi láti mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni wọ́n sọ fún mi nípa ọ̀rọ̀ yàrá kí n tó lọ sílé ọkọ.

Mo ní, "Wọ́n ní kí n máa ṣe sùúrù."

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi bírò sílẹ̀, ó wò mí lójú.

"Ẹ ti ṣe sùúrù tó," ló wí.

Ó ní kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló fà á. Ojú ibi tí wọ́n rán mi le, ó sì ń fà, ara tó bá sì ti mọ̀ pé ìrora ń bọ̀ kò ní dúró de ìgbádùn. Oògùn tí mò ń lò dáa, ṣùgbọ́n ó máa ń pa ìfẹ́ ìbálòpọ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Iṣẹ́ ń pa mí. Wàsíù sì ń sùn sáàárín wa, ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí ikùn mi. Mo ní ṣé kí n da oògùn náà nù ni. Ó yára di ọwọ́ mi mú, ó ní ó léwu kéèyàn ṣàdédé jáwọ́. Òun àti dókítà tó kọ ọ́ fún mi ló jọ sọ ọ́, wọ́n sì rí i pé ara mi ti yá tó kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi bí màá ṣe máa dẹ ẹran ara ibẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ohun tó ń yọ̀ tí a ó máa fi pa á. Ó ní kí èmi àti ọkọ mi má tíì bára wa sùn rárá fún ìgbà díẹ̀, ká kàn máa fọwọ́ kan ara wa, ká má retí nǹkan kan.

"Ṣé ẹ rò pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wù yín kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn?" ló tún bi mí. "Ọ̀pọ̀ obìnrin wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ọkàn wọn bá balẹ̀, tí wọ́n ti fọwọ́ kanra, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń wù wọ́n. Bí ẹni tí ebi ò pa, tó kàn tọ́ ọbẹ̀ wò, tó wá ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá. Kò sí àléébù níbẹ̀."

Màmá, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún yín?

Ó kù kí n sọ fún ọkọ mi. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ ti ìrora, mo sọ ti oògùn, mo wá dé orí ti Ṣẹ̀rífátù. Pákó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ìwọ Ìyá Ràfíà, o lọ fẹ́ ìyàwó fún mi? Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àga tí kò tíì kàn tán, àga sì wó. Níbi tó jókòó sí nílẹ̀ yẹn, nínú èérún pákó, ẹ̀rín yẹn yí padà di ẹkún.

"Mo rò pé mo ti ń rùn sí ẹ ni," ó wí. "Mo máa ń wẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó máa bọ̀ wálé."

Ó bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ibùsùn kékeré fún Wàsíù sí yàrá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó sì gbé ilẹ̀kùn tuntun sí yàrá wa, ilẹ̀kùn gidi tó ní ìdábùú. Gbogbo agboolé ń bèèrè pé ṣé olè ń jà wá ni.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ló yá o. Ọjọ́ míì wà tí mo máa sunkún pé kò sí nǹkan kan tó yí padà. Bàbá Ràfíà á ní òun ò sáré lọ síbì kan. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọmọ wà nílé kéú, òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ìdí ẹ̀rọ tí mo ti ń ránṣọ ti jẹ́ kí èjìká máa ro mí, Bàbá Ràfíà sì ń bá mi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ líle yẹn. Mo ṣàkíyèsí pé mi ò fẹ́ kó gbé e kúrò. Mo dúró díẹ̀ bóyá á kọjá lọ. Kò kọjá lọ. Màmá, èmi ni mo dìde. Èmi ni mo lọ ti ilẹ̀kùn.

Mi ò ní sọ ìyókù, ìyá mi lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n kò dùn mí. Mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: kò dùn mí, ó dùn mọ́ mi!

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro tiyín. Lọ́jọ́ tí Bàbá gbé ìyàwó kékeré wọlé, gbogbo èèyàn ní ẹ mà lágbára o. Ẹ sebẹ̀, ẹ jó, ẹ sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ dáadáa, tí kì í ṣe àṣà yín. Ṣé inú rere ni, àbí ẹ̀ ń yọ̀ pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yàrá? Ṣé ó dùn mọ́ yín rí, bó tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan péré? Mi ò bi yín nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu yín. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ dá mi lóhùn, ǹ bá ti rí i lójú yín.

Ẹ gbọ́ tàná. Ní àsàlátù àwa obìnrin ní mọ́sáláṣí, Ṣẹ̀rífátù ti bá Ìyá Àdínnì, olórí wa, sọ ọ́ ṣáájú, wọ́n sì fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àdúà. Mo dìde dúró. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Àwọn kan fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo dé ibi ìrora, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya lù mí. Tèmi náà ń ta mí. Ọkọ tèmi ò ní gbà. Ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Wọn ò jẹ́ kí n jókòó.

Ìyá Àdínnì kò bèèrè nǹkan kan. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n jù yín lọ lọ́jọ́ orí, wọn kì í ṣeré. Mo ti rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Ìgbà tí gbogbo èèyàn ti ń wá bàtà, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí sẹ́yìn òpó.

"Ọmọ mi, ibi tó o sọ yẹn, ṣé wọ́n ń gba àgbàlagbà?"

"Wọ́n ń gbà á, mà."

"Rọra sọ̀rọ̀, Bàbá ilé mi ń dúró dè mí níta." Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wá wò mí. Màmá, ojú wọn ń tàn! "Ọjọ́ wo la ń lọ?"

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín títí, tí ara ẹ̀ ti padà wálé.