Mi Ò Ní So Àpótí Mẹ́rin Mọ́ Áńpù Mi

                                        Ilé Olókè, Ìsàlẹ̀ Ọjà,
                                        Ṣakí.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 1983.

Àwáwù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baba Bàṣírù ńkọ́, ṣé ara wọn ti le lẹ́yìn ibà ọjọ́sí? Mo kí wọn kú iṣẹ́ oko tábà. Mo kí Bàṣírù, ọkọ mi kékeré, tí mo gbọ́ pé ó ń fi eyín tuntun gé gbogbo èèyàn jẹ. Ooru Ṣakí ò ṣeé fẹnu sọ báyìí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ń sùn. A ṣáà ń dúpẹ́ pé òjò ò ní pẹ́ dé.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n lọ kúnlẹ̀ fún Bùrọ̀dá Ògúndìran, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wa, kí wọ́n lè gbà mí padà sídìí gìtá béèsì. Àwáwù, mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mi ò lọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹni tó ròyìn fún ọ sọ. Jókòó, kí n ro ìyókù fún ọ.

O mọ̀ pé èmi ni mo ra áńpù yẹn tó ń gbé ohùn béèsì mi sókè. Nígbà tí mo fẹ́ rà á, gbogbo ọkùnrin inú ẹgbẹ́ ló fẹ́ bá mi yàn án. Wọ́n ní kí n ra èyí tí áńpù àti sípíkà jọ wà nínú àpótí kan, pé òun ló ṣeé gbé fún obìnrin. Mo ní rárá. Lójú ọ̀nà tiwa yìí, tí mọ́tò ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti Ṣakí dé Ìlerò, bí ohun kan bá bàjẹ́ nínú irú ìyẹn, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Áńpù lọ́tọ̀, àpótí sípíkà lọ́tọ̀, ni mo fẹ́. Èyí tí kò ní gílóòbù onígíláàsì bíi ti rédíò àtijọ́ nínú ni mo sì mú, torí gílóòbù á ti fọ́ kí a tó débi eré. Mo wá sípíkà ńlá méjì tí kì í ya bí ohùn béèsì bá wọlé, Abíọ́nà káfíńtà sì fi pákó tó nípọn kan àpótí wọn, ó fi gúlù dí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn áńpù náà gedegbe pé àpótí méjì irú wọ̀nyẹn ni agbára rẹ̀ mọ. Bí o bá so jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná tí wọ́n ń fà lára rẹ̀ á pọ̀ jù, á gbóná, á sì jóná. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ta okùn tó nípọn jù, àwo orí tábìlì Màmá gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n o mọ àwọn ará ọ̀dọ̀ wa. Kí olórin tó fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n á ti ka àpótí tó gbé wá. Mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kan láti Ìgbòho gbé wá sí Ṣakí lọ́dún tó kọjá, ariwo rẹ̀ ò sì tíì lọ nílẹ̀. Ó ń dun Bùrọ̀dá Ògúndìran. Ni wọ́n bá wá méjì kún tèmi, wọ́n ní kí n so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìwúyè kan ní Ìlerò. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi kéré. Mo ní áńpù ò mọ ìgbàgbọ́.

Nígbà tí a dé Ìlerò, mo lọ kí àwọn onílé. Kí n tó padà, wọ́n ti so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tò wọ́n léra bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, jẹnẹrétọ̀ ti ń dún. Inú bí mi gan-an. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti fa wáyà yọ. Bùrọ̀dá ní bí mi ò bá so ó padà, kí n gbé áńpù mi kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn. Mo gbé e. Wọ́n ṣeré ọjọ́ náà láìsí béèsì. Òun ni wọ́n sọ fún ọ pé mo dójú ti àgbàlagbà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dójú tì wọ́n, ó sì dùn mí pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀?

Èyí tí wọn ò sọ fún ọ rèé. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bùrọ̀dá mú Alàgbà Ìyápọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá sílé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé omi fún wọn. Alàgbà ní àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ: a ó to àpótí mẹ́rin kalẹ̀, méjì péré ni n ó so, méjì tó kù á kàn wà níbẹ̀ fún ojú lásán.

“Mọ́ládé, ṣé o rí i pé a ti gba tìẹ rò?” ni Bùrọ̀dá wí. “Àwọn èèyàn á rí mẹ́rin, áńpù rẹ ò sì ní jóná. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi máa mọ̀, sà. Ẹ má bínú, mi ò lè dúró síwájú àpótí tó yadi kí n máa jó.”

Wọ́n ní ìgbéraga ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi àyè mi fún Àríyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Orin wa ló ṣì ń wá sí mi lẹ́nu tí mo bá ń fọṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn sunkún, ọ̀tọ̀ ni kó lọ bẹ̀bẹ̀.

Sátidé tó kọjá, àwọn olùkọ́ Ìpàpó tó ń ṣe ìdágbére fún ọ̀gá wọn ní kí n wá ta béèsì fún àwọn akọrin wọn. Bí mo ṣe sọ àpótí méjì kalẹ̀ ni ẹnìkan ní, “Àǹtí, àwọn tó kù ńkọ́, àbí mọ́tò kejì ń bọ̀ lẹ́yìn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ijó ni wọ́n gbájú mọ́. Ohùn béèsì ń lọ nísàlẹ̀ rọra, kò ya. Áńpù mi kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Síbẹ̀, nígbà tí a parí, ọ̀gá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní orin yẹn wọ àwọn lára, wọ́n wá ní, “Nígbà mìíràn, ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé àpótí bíi mélòó kan sí i wá.” Àwáwù, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní, “Sà, méjì náà ni ẹ ó tún rí.”

Bá mi kí Baba Bàṣírù àti Àdìjátù àbúrò rẹ. Sọ fún un pé aṣọ òkè tó bá mi wá lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì wù mí gan-an. Màmá mi ní kí n kí ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún rán ọ sí mi, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ihò wáyà kan wà lẹ́yìn àpótí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbà so òmíràn mọ́ ọn. Lánàá, mo ní kí Abíọ́nà fi pákó àti gúlù dí i pa. Ó bi mí pé bí mo bá yí ọkàn padà lọ́la ńkọ́. Mo ní kó kàn án níṣòó sí i.

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́,
                                        ọ̀rẹ́ rẹ olóríkunkun,
                                        Mọ́ládé.